Ìtẹ́ Òkú ni Gálílì Yèyé

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó lọ́jọ́ Ìsinmi kan kí Yèyé tó kú, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi nàka sí i fún yín. Ẹ ó gbọ́ ọ. Àga kejì láti iwájú ló máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ló ti máa ń ṣáájú àwọn akọrin wọ inú orin, òun náà ló sì máa ń kẹ́yìn jáde. Mo nífẹ̀ẹ́ ìyá bàbá mi gan-an, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ òkú: ohùn náà kò dùn rárá. Ọ̀gá akọrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé wá bá a lẹ́yìn ìsìn, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọgbọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí Màmá máa rọra kọ ọ́ díẹ̀. Yèyé ní òun ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ńṣe ló tún gbé e sókè sí i. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹni tó fún mi ní ohùn yìí ni mo ń kọ ọ́ sí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mọ ilé mi."

Dọ́kásì ni orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún un, ṣùgbọ́n Yèyé ni gbogbo àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pè é. Oǹdó pọ́ńbélé ló máa ń sọ. Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, nítorí bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, èmi náà ni n ó tún jókòó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará Àkúrẹ́ tí mò ń bá gbé. Wọ́n ti ka ìtàn ayé rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú: ibi tí wọ́n bí i sí, àwọn ilé ìwé tó ti ṣe tíṣà, ẹgbẹ́ ìyá tó wà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mò ń wá Yèyé nínú rẹ̀, n kò rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ tó yàn láàyò ni kó máa lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá ti ní ẹnì kan kú ládùúgbò, àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ aṣọ funfun, wọn á gbé Bíbélì àti ìwé orin. Yèyé á gbé ọmọ odó. N kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lọ kí olóòfọ̀ máa ń gbàdúrà fún un dáadáa, kò sì sí ẹni tó ń bi í pé kí ló jẹ láti àná. Nítorí náà, bí àwọn yòókù bá jókòó sí pálọ̀, òun á gba ilé ìdáná lọ, á se iṣu, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. Lọ́jọ́ kan, ní ilé ọmọbìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì, ìyá ọkọ jáde wá pariwo pé báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ ìró odó nínú ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, pé kí ni aráyé máa wí. Yèyé kò tilẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Odó kò mọ ẹni tó kú, ẹni tí ebi ń pa ló mọ̀." Ìyá ọkọ náà jẹ nínú iyán yẹn, ó sì tún bù kún un.

Kò fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa sọ fún olóòfọ̀ pé Ọlọ́run ló fẹ́ràn òkú jù wá lọ. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ Ọlọ́run. Bí olóòfọ̀ bá ń sunkún, kì í ní kó dákẹ́. Á jókòó tì í, á fi iyán sí iwájú rẹ̀, á sì sọ ohun kan náà tó máa ń sọ fún gbogbo wọn, ì báà ṣe olówó tàbí tálákà: "Sunkún, kí o sì jẹun. Ọjọ́ àjíǹde kò ní sá lọ."

Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún un láyé ni Akíndélé, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Oko nítorí pé Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ló ń gbé, láàrin kòkó àti iṣu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá pàdé tí wọn kò jà, ẹ yáa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n á jà lórí ẹni tí ìyá wọn fẹ́ràn jù. Wọ́n á jà lórí àdúrà ẹni tó gùn jù, lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, lórí orúkọ ajá kan tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí Bàbá Oko bá ti bínú, á ní òun kò jẹun nílé Yèyé mọ́. Yèyé kì í bẹ̀ ẹ́. Á pọ́n iyán náà sínú ewé, á bu ọbẹ̀ sínú kúlà, á sì gbé gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé Bàbá Oko padà. Lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀lé e, kúlà náà á padà wá ní fífọ̀, pẹ̀lú iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yèyé á rẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ̀ ló ń bá mi jà," á ní, "ikùn rẹ̀ kò bá mi jà rí."

Ìjà kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn tí iyán kò lè parí, òun ni mo sì fẹ́ sọ.

Bàbá mi ni àkọ́bí Yèyé. Tíṣà ni òun náà, ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé girama. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Bí ọmọ bá ṣáájú òbí lọ, òbí kì í tẹ̀lé òkú, wọn kì í sì í fi ojú oórì ọmọ hàn án láéláé. Wọ́n ní bí òbí bá rí i, ọmọ mìíràn á tún tẹ̀lé e. Bàbá Oko ni ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí, òun ló sì pàṣẹ pé kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó sí Oǹdó, kí àwọn obìnrin kan ṣọ́ ọ títí ìsìnkú á fi parí.

Yèyé jókòó. Àwọn tó ń wá kí i ń sọ fún un pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, títí ó fi sú u. Ó bi ọ̀kan nínú wọn pé ẹni tó wá sin ọmọ ńkọ́, ṣé òun kò bí i ni. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó ní òun fẹ́ wẹ̀. Ó wẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ funfun ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì wọ mọ́tò Àkúrẹ́ ní gáréèjì. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ṣì jókòó, wọ́n ń dúró de ẹni tó ń wẹ̀, nígbà tí òun ti kọjá Bọ́lọ́rundúró.

A ti dé ìtẹ́ òkú nígbà tí mo rí i. Ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó fa gèlè funfun bo iwájú orí, kò sáré, kò sì rọra rìn. Bàbá Oko kúrò láàrin wa, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sì na apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà. Èèwọ̀ ni."

"Akíndélé," Yèyé wí, "ṣé ìyá Jésù padà?"

Bàbá Oko ṣì na apá rẹ̀.

"Ó dúró nídìí igi náà títí wọ́n fi sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀. Bí ìyá Olúwa bá dúró, ta ni èmi tí n ó jókòó sílé? Yẹ̀ fún mi."

Bàbá Oko yẹ̀. Kí n má purọ́, láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí, ẹ̀rù ihò yẹn gan-an, àti pé wọ́n fẹ́ bo bàbá mi mọ́lẹ̀ kí gbogbo èèyàn sì yíjú padà máa lọ sílé. Yèyé wá dúró láàrin èmi àti ìyá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì gbé orin pẹ̀lú ohùn burúkú tí mo ti sọ fún yín yẹn. Láàrin ẹsẹ kejì, ẹkún gbà á lẹ́nu. Ó sunkún díẹ̀, ó nu imú, ó sì ń bá orin náà lọ láti ibi tó ti dúró. Nígbà tí ó kan ẹbí láti bu yẹ̀pẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu tirẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ohun tó sọ sínú ihò náà: "Mo ti mọ ibi tí o wà. Lọ́jọ́ tí ìpè bá dún, n kò ní máa béèrè ọ̀nà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Oko sọ níwájú gbogbo ẹbí pé Yèyé ti ṣí ilẹ̀kùn fún ikú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kúlà náà kò sì lọ, kò bọ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Dúpẹ́ kú, ọmọ Bàbá Oko, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó lọ́kọ sí Oda, létí Àkúrẹ́. Àwọn kan nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wo Yèyé bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pe ikú náà. Bàbá Oko ló yẹ kó sọ ọ́, torí òun ló ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sọ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn títí di òní. Ohun tó ṣe ni pé ó pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́: wọ́n sin Dúpẹ́ sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Oda, òun sì jókòó sí Bọ́lọ́rundúró, kò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì.

Yèyé lọ bá a lóko. Èmi, Títí ọmọ ọmọ rẹ̀, ni mo tẹ̀lé e. Ó gún iyán fún un, ó ní kó sunkún, kó sì jẹun. Ó jẹ, kò sunkún. Yèyé ní kó dìde, kí àwọn jọ lọ wo ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, pé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó mi orí pé rárá.

"Ẹ̀yin ti rí tiyín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má fi tèmi hàn mí."

Yèyé, tó ti bá a jà lórí iyọ̀ àti lórí ajá, kò bá a jà lórí ìyẹn. Ó kó àwo, ó fọ̀ wọ́n. Bí a ṣe ń padà lọ sí Oǹdó, ó ní, "Èmi ni n ó máa lọ bá a wò ó."

Ibi tí ọ̀rọ̀ Gálílì ti wọlé nìyí. Ẹ mọ bí ìjọ ṣe máa ń ṣe é lọ́jọ́ kejì ọdún Àjíǹde: wọ́n á kó ìrẹsì àti mínírà lọ sábẹ́ igi níbì kan, wọ́n á jẹ, wọ́n á jó, àwọn ọmọdé á sá eré, wọ́n á sì ní Gálílì ni àwọn lọ. Yèyé kì í bá wọn lọ. Lọ́jọ́ náà, á gbé àdá àti ọkọ́, kẹ́ẹ̀gì omi, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, àti èmi. A ó wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, a ó ro ojú oórì bàbá mi, a ó fọ òkúta tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, a ó lọ sí Oda, a ó ṣe ti Dúpẹ́. Àlùfáà wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan pé Màmá nìkan ló ń lọ sí ìtẹ́ òkú lọ́jọ́ ayọ̀. Yèyé dá a lóhùn pé nídìí ibojì ni áńgẹ́lì ti sọ fún àwọn obìnrin pé Olúwa ti ṣáájú lọ sí Gálílì. "Ibojì ni wọ́n ti gbọ́ ọ," ó ní. "Ẹ̀yin fẹ́ gbọ́ ọ nídìí ìrẹsì."

Inú mi máa ń dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó lè yà yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. A ó ro koríko tán, Yèyé á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a ó jókòó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Á ròyìn fún un pé mo yege ìdánwò, pé ìyá mi ti kúrò nínú ilé tí a háyà, pé olórí akọrin tuntun tún ti dé, òun náà kò sì gbọ́n. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá bàbá mi ń gbọ́. Ó ní òun kò mọ̀, pé Ọlọ́run ń gbọ́, àwọn méjèèjì sì jọ wà níbì kan náà. Ó gé mọ́ínmọ́ín sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ibẹ̀ ni ikú bàbá mi ti jáwọ́ nínú dídẹ́rù bà mí, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún.

Lọ́nà àbọ̀, a máa ń yà sí Bọ́lọ́rundúró. Bàbá Oko á ti jókòó síwájú ilé, ó ti mọ ọjọ́ tí a máa dé. Yèyé kì í jókòó. Á dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, á sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ibẹ̀ mọ́."

Bàbá Oko á mi orí. Kì í béèrè ibi tí ó wà, kì í béèrè bí ó ṣe rí. Á dìde, á lọ sẹ́yìn ilé, á pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, á sì padà wá pẹ̀lú iṣu fún wa. Ó tóbi ju èyí tó máa ń kó ti kúlà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n ó gbọ́ àdúrà Yèyé láti yàrá tí mo máa ń sùn sí nílé rẹ̀, nítorí kò mọ bí a ti ń rọra gbàdúrà náà. Á gbàdúrà fún gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi àbúrò rẹ̀ parí rẹ̀: kí Olúwa jẹ́ kí Akíndélé lọ wo ọmọ rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, Bàbá Oko kò lọ. Mo fi Yèyé ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé ó dà bíi pé Ọlọ́run kò gbọ́ Oǹdó. Kò bínú. Ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́. Akíndélé ni kò tíì gbọ́."

Yèyé kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, láàárọ̀, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ gbígbóná tán tó sì ń ráhùn pé ṣúgà kò tó. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló pè mí. Ọ́fíìsì ni mo wà, ní Alágbàka ní Àkúrẹ́, láàrin fáìlì. Mo sunkún níbẹ̀, n kò tijú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ tó wà níwájú ọ́fíìsì, mo ní kó gbé iyán wá, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé lójú. Obìnrin náà bi mí bóyá ata ló pọ̀ jù. Mo ní rárá, pé ìyá mi àgbà ló kú, ohun tó sì ní kí n máa ṣe nìyí.

A sin ín dáadáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù ló sin ín, nítorí náà ó bímọ, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá wí. Àwọn akọrin kọrin tó dùn gan-an, ó dùn débi pé mo mọ̀ pé ẹnì kan kò sí níbẹ̀. Bàbá Oko jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà láti àárọ̀ di alẹ́. Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde dé, mo lọ sí Oǹdó bí mo ṣe máa ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, mo di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, mo pọn omi, mo gbé àdá àti ọkọ́ Yèyé. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá Oko jókòó sórí àga Yèyé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọ bùbá tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ́ tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n ọn.

Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Títí," ó ní, "lọ́dún yìí, ta ni yóò wá sọ fún mi?"

Mo ní èmi ni, Bàbá, pé n ó yà sí Bọ́lọ́rundúró tí mo bá ń bọ̀.

Ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó dìde. "Rárá," ó ní. "Mú mi lọ."

Oda la kọ́kọ́ lọ. Mo fi ọ̀nà hàn án láàrin àwọn ibojì, ó ń tẹ̀lé mi, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Koríko ti bo ibẹ̀. Ó gbọn koríko kúrò lójú òkúta, ó ka orúkọ náà, ó tún un kà. "Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ó ní. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ló ro gbogbo rẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń ro ìdí iṣu, ó ń fi ọwọ́ fa gbòǹgbò yọ kí ó má baà hù padà. Nígbà tó parí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀.

"Dúpẹ́, bàbá rẹ nìyí. Ó pẹ́ kí n tó dé."

Ìgbà náà ló wá sunkún. Èmi kò ní kó dákẹ́. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo tú mọ́ínmọ́ín, mo fi èyí tó tóbi sí iwájú rẹ̀, mo sì jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó mú un, ó jẹ ẹ́. Ó ní iyọ̀ kò tó. Mo mọ̀ nígbà náà pé ara rẹ̀ á yá.

A yà sí Àkúrẹ́, ó sì bá mi ro ti bàbá mi. Nígbà tí a dé Bọ́lọ́rundúró, mo ní kí awakọ̀ dúró kí Bàbá lè sọ̀ kalẹ̀ sílé. Ó ní kó máa lọ, pé ọ̀nà òun kò tíì parí. Oǹdó ni a dé, ó sì lọ tààrà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a tẹ́ Yèyé sí. Yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ṣì pupa, koríko kò tíì hù níbẹ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ ro. Kò jókòó. Ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ibẹ̀ mọ́."